Ìwé ìran ajá, àti ohun tí ìwé náà kò lè sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo ní abo ajá Alsatian kan níbí ní Ìbàdàn. Ó ti di ọmọ oṣù 18, ó sì ti wá akọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan ní Èkó ní akọ Alsatian tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ wá láti Jámánì. Ó ní akọ náà ní ìwé ìran, ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ti gun abo tó lé ní 20 láìsí wàhálà kankan. Ṣé mo lè mú tèmi lọ bá a nígbà tó bá tún wá akọ, àbí àyẹ̀wò kan ṣì wà tó yẹ kí a ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní àṣejù òyìnbó ni gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí abo yín tó lóyún, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ọmọ ajá tí ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wá pẹ̀lú ìbéèrè náà. Ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé kí ẹ má tíì mú un lọ. Abo yín kò tíì dàgbà tó fún àyẹ̀wò tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìran rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí ẹni tí ó ni akọ náà sọ fún yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ láti òkè délẹ̀, kò kan ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ìwé ìran ń sọ ẹni tí ó jẹ́ bàbá ajá, kò sọ ohun tí bàbá náà gbé sínú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń gba ajá lọ́wọ́ parvo, distemper àti dìgbòlugi, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú egungun ìbàdí rẹ̀. Ní ti abo 20 tí akọ náà ti gùn, ìyẹn gan-an ni ó mú kí n fẹ́ rí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ju ti akọ tí kò tíì gun abo rí lọ, mo sì máa padà sí ibẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín bóyá àwọn òbí rẹ̀ kò wádìí ìdílé ìyàwó kí wọ́n tó lọ tọrọ rẹ̀. Iṣẹ́ alárinà ni nígbà náà láti fọgbọ́n béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà nínú ìran náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láì rí ìwé jẹ́nótáìpù wọn, kò sì sí pásítọ̀ tí yóò gbà kí ọkọ sọ pé ara òun dá ṣáṣá, nítorí náà òun kò lè jẹ́ AS. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ajá kò ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, nítorí ibẹ̀ ni Alsatian ti ń kó olówó rẹ̀ sí ìnáwó àti ìbànújẹ́ jù. Orí egungun itan ajá rí roboto bí orí ọmọ odó, inú kòtò kan lára egungun ìbàdí ni ó sì ti ń yí. Bí odó bá jìn, tí ọmọ odó sì bá a mu, ajá á máa rìn títí ó fi darúgbó. Nínú àrùn tí wọ́n ń pè ní hip dysplasia, oríkèé náà ti dẹ̀. Orí egungun itan kò jókòó dáadáa, ó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn, odó náà a sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, nítorí pé ohun tí ìbá tẹ̀ ẹ́ jìn nígbà tí ajá ń dàgbà kò dúró sójú kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, egungun rírọ̀ tí ó bo oríkèé a máa fá, títí egungun yóò fi máa lọ egungun. A kì í bí i mọ́ ọmọ ajá bí a ṣe ń bí ìka mẹ́fà mọ́ ọmọ ènìyàn. Ìbàdí ọmọ ajá tuntun a máa rí bí ó ti yẹ, bí ó ti ń dàgbà ni ìdẹ̀ náà ń yọjú, ọ̀pọ̀ ajá ni yóò sì sáré, tí yóò fò, tí yóò gun abo, kí ìrora tó dé. Mo ti rí akọ kan tí ń fo ọgbà ilé bí ewúrẹ́, tí fọ́tò X-ray ìbàdí rẹ̀ sì mú kí èmi àti ọ̀gá rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ojú kò lè yan akọ.

Kì í ṣe àbùdá kan ṣoṣo ni ó ń fa àrùn yìí. Àbùdá púpọ̀ ni, oúnjẹ àti ìwọ̀n ara sì ń dá sí i. Nítorí náà, akọ àti abo tí ìbàdí wọn dára lè bí ọmọ tí tirẹ̀ kò dára, àwọn kan a sì fi èyí sọ pé àyẹ̀wò kò wúlò. Wọ́n gbàgbé pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìbí àwọn òbí tí ìbàdí wọn bàjẹ́, àti pé bí a bá ń yan àwọn òbí láti ìran dé ìran ni iye náà ń dínkù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ akọ kan dájú kò ní dúró lórí fọ́tò ti akọ náà nìkan, yóò béèrè ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ tí ó ti bí. Akọ tí tirẹ̀ dára, tí ti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta kò dára, kì í ṣe akọ tí èmi yóò gbé abo lọ bá.

Lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ gbà mí láyè díẹ̀, nítorí àwa níbí fẹ́ràn ọmọ ajá tí ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ilé iṣẹ́ Purina ní Amẹ́ríkà tọ́ ajá Labrador 48 ní méjì méjì láti inú ìbí kan náà. Títí ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi ń fún ọ̀kan nínú méjì ní oúnjẹ tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti èkejì. Àwọn tí oúnjẹ wọn dín pẹ́ láyé tó ọdún 13 ní ìwọ̀n àárín, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì lo ọdún 11.2. Àìsàn oríkèé ìbàdí náà pẹ́ kí ó tó dé bá àwọn tí kò jẹ àjẹyó. Bí ẹ bá tọ́jú ọmọ kan nínú ìbí abo yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa kan egungun ìhà rẹ̀ láì wá a.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà díwọ̀n ìbàdí yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìwé tí ẹ kò lè kà rẹ́ yín jẹ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tí wọ́n ń pè ní OFA, tí John Olin dá sílẹ̀ ní 1966, ni ó ń ka fọ́tò X-ray. Wọn kì í fún ajá ní oyè tí ó dúró títí àfi tí ó bá ti pé oṣù 24, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè sọ èrò wọn lórí èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ìpele wọn jẹ́ 7, mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, excellent, good àti fair, ni wọ́n sì kà sí ìbàdí tí ó dára. Ní Bìrìtìkó, àwọn dókítà ẹran BVA pẹ̀lú Kennel Club a máa fún ìbàdí kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé 53, kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀. Òdo ni ó dára jù, 106 ni ó burú jù, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi máàkì tí ó pọ̀ yangàn fún yín. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ SV ti Max von Stephanitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1899, ẹgbẹ́ tí ìran ajá yìí ti ọwọ́ rẹ̀ wá, a máa gbà fọ́tò láti oṣù 12, wọ́n sì ń kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìran gan-an. HD ni hip dysplasia ní kúkúrú. Bí ẹ bá rí «HD normal», ìbàdí dára nìyẹn; «fast normal» ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára; «noch zugelassen» sì ni pé kò dára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gbà kí ó bímọ. Ẹ ní kí ọkùnrin Èkó náà ya fọ́tò ìwé ìran bàbá akọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ti akọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ̀ ni ó ti Jámánì wá.

Nínú àkọsílẹ̀ OFA, nǹkan bí Alsatian kan nínú márùn-ún ni ìbàdí rẹ̀ kò dára. Èmi gbà pé iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní òde, nítorí ẹni tí dókítà rẹ̀ bá ti rí fọ́tò tí ó burú kì í sábà náwó láti fi í ránṣẹ́.

Fọ́tò náà ní bí a ṣe ń yà á. A gbọ́dọ̀ fún ajá ní oògùn oorun kí ara rẹ̀ lè dẹ̀, a ó dá a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, a ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbọọrọ ní ìbámu pẹ̀lú ara wọn, a ó sì yí orúnkún wọn sínú díẹ̀. Fọ́tò tí a yà nígbà tí ajá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan a máa fi ìbàdí kan hàn bí ẹni pé ó dára, kí ó sì fi èkejì hàn bí ẹni pé ó bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí yín. Dókítà tí ó yà á lè fi í ránṣẹ́ sí OFA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n fi microchip sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀ ṣáájú, kí a lè mọ̀ pé ajá tí ó ni èsì ni ajá tí ó dúró níwájú wa. Ní ọjọ́ kan náà tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú. Òdo ni ìgúnpá tí ó dára, ìpele 1 dé 3 ni èyí tí ó ní àrùn, kò sì sí ohun púpọ̀ láti fi kún un.

Àwọn àrùn tí àbùdá kan ṣoṣo ń fà rọrùn láti yẹ̀ wò ju ìbàdí lọ, ẹ̀ẹ̀kan láyé sì ni a ń ṣe àyẹ̀wò wọn. Òwú tí a fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, tí a jẹ́ kí ó gbẹ, ni a ó fi sínú àpòòwé ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò DNA ní òkè òkun. Nínú Alsatian, èyí tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni degenerative myelopathy, àrùn tí ń jẹ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 8. Ajá kò ní pariwo pé nǹkan ń dun òun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan á máa wọ́ nílẹ̀, èékánná rẹ̀ á máa fá, títí kò fi ní lè dìde mọ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ìbàdí ni. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé àyípadà kan nínú àbùdá SOD1 ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ AA, AS àti SS ti mọ bí a ṣe ń ka èsì rẹ̀. Ajá tí kò gbé e rárá wà, èyí tí ó gbé ẹyọ kan wà, èyí tí ó gbé méjì sì wà. Ẹyọ kan pẹ̀lú ẹyọ kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti gbé méjì. Ẹyọ kan pẹ̀lú èyí tí kò gbé e, kò sí ọmọ tí yóò gbé méjì. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí SS ni pé kì í ṣe gbogbo ajá tí ó gbé méjì ni àrùn náà ń mú, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ fi ọmọ ajá ta tẹ́tẹ́? Ẹ má ṣe torí èyí lé gbogbo ajá tí ó gbé ẹyọ kan kúrò nínú bíbímọ. Bí ìbàdí rẹ̀ bá dára, tí ìwà rẹ̀ sì tutù, ẹ wá akọ tí kò gbé e fún un.

Àyẹ̀wò DNA kejì tí mo fẹ́ kí abo yín ṣe ni ti àbùdá MDR1, kódà bí kò bá ní bímọ láéláé. Ní 2001 ni wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé àbùdá yìí, èyí tí ó yẹ kí ó máa lé oògùn kan jáde kúrò nínú ọpọlọ, bàjẹ́ lára àwọn ajá Collie kan. Alsatian náà wà lára àwọn ìran tí wọ́n ti rí i. Oògùn tí ó léwu jù fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ni ivermectin, tí àwọn ènìyàn ń rà ní ìsọ̀ oògùn ẹran ládùúgbò, tí wọ́n sì ń fi ojú díwọ̀n rẹ̀ fún ajá nítorí eégbọn àti èkúkú. Ajá tí ó gbé méjì lè ti ibẹ̀ dákú, kí ó má sì jí mọ́.

Ó kù ọ̀rọ̀ abo 20 náà. «Láìsí wàhálà» tí ọ̀gá rẹ̀ sọ túmọ̀ sí pé àwọn abo náà lóyún, wọ́n bímọ, wọ́n sì ta àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 8. Ìbàdí tí ó dẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8, àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn sì ń retí ọdún 8. Àwọn àrùn kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ni yóò fi wọ́n hàn. Akọ kan wà ní Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn gidigidi, Canto von der Wienerau, tí a bí ní 1968. Àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, hemophilia A, wà lára rẹ̀. Akọ tí ó bá ní àrùn yìí kò lè fi í fún ọmọkùnrin rẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e láì ṣàìsàn, ìdajì àwọn ọmọkùnrin tí àwọn ọmọbìnrin náà bá sì bí ni a lè retí pé yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tí ó mú abo wọn lọ bá irú akọ bẹ́ẹ̀ ríi pé àwọn ọmọ rẹ̀ rẹwà, wọ́n sì sọ fún ẹlòmíràn. Ní Bìrìtìkó lónìí, wọ́n ń gba àwọn tí ó ní akọ Alsatian nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn yìí kí ó tó gun abo. Ẹ béèrè èyí náà.

Ìdí kejì tí abo 20 fi ń kọ mí lóminú ni kòkòrò Brucella canis. Nígbà gígùn ni akọ ti ń kó o láti ara abo kan lọ sí ara òmíràn, abo tí ó bá sì ní i lè ṣẹ́yún lójijì nígbà tí oyún bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 59, tàbí kí ó máa gba akọ láì lóyún. Ara akọ náà lè máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, oògùn kì í lé e tán pátápátá lára ajá, ó sì lè mú ènìyàn, pàápàá ẹni tí ó fi ọwọ́ lásán gbẹ̀bí fún ajá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan láyé ni a ń ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Ṣáájú gbogbo gígùn ni, fún akọ àti abo, nítorí èsì oṣù kìíní kò sọ ohun tí abo oṣù kẹta kó wá. Ẹ̀jẹ̀ ajá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè má tíì fi hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ó sàn kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàrin wọn. Àyẹ̀wò kíákíá ti orí gíláàsì náà a máa fi ẹ̀sùn kan ajá tí kò ṣẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ má sì pa ajá tàbí tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lórí èsì àkọ́kọ́ láì fi òmíràn fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní ọjọ́ kan náà, kí dókítà yẹ ojú ara ajá méjèèjì wò fún kókó TVT, jẹjẹrẹ tí ajá ń kó nípa gígùn, tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá ìgboro wa. Ẹ̀jẹ̀ tí ń kán díẹ̀díẹ̀ lára akọ ni ó sábà máa ń tú u fó, oògùn vincristine sì ń wò ó sàn. Kí ó tún wo ẹ̀jẹ̀ abo yín fún àwọn kòkòrò tí eégbọn ń gbìn sínú rẹ̀, Babesia àti Ehrlichia, nítorí abo tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò yẹ kó máa pọ́n ọmọ mẹ́jọ.

Ẹ fi ìwé ìran méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ ka orúkọ títí dé ìran kẹrin. Àwọn akọ tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀, èmi kò sì ní ṣe háà bí bàbá àgbà abo yín bá jẹ́ bàbá akọ náà. Nígbà náà, a ó wá akọ mìíràn, bí àyẹ̀wò rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Bí abo yín bá ń wá akọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe, ẹ jẹ́ kí ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí kọjá. Ẹ fi òwú DNA ránṣẹ́ báyìí, kí èsì rẹ̀ dé nígbà tí ẹ kò kánjú. Ẹ ya ìbàdí àti ìgúnpá nígbà tí ó bá pé oṣù 24, kí ẹ má sì yà á nígbà tí ó ń wá akọ, nítorí oríkèé a máa dẹ̀ díẹ̀ lásìkò náà. Owó X-ray náà ni yóò gbówó jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà bí èsì DNA bá ti burú, ẹ lè fi owó náà pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ fún Brucella ni yóò kẹ́yìn. Bí ọkùnrin Èkó náà bá bínú pé ẹ béèrè ìwé, ẹ má bá a jà, akọ mìíràn wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé abo tiyín ni èsì rẹ̀ kò dára, dókítà lè yọ ilé ọmọ rẹ̀, kí ó máa bá yín ṣọ́ ilé lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó sanra.